Nọ́ńbà Ẹlẹ́yọ Mọ́kànlá àti Orúkọ Ìyá Mi: Bí Mo Ṣe Di Ẹni Tí Wọ́n Mọ̀ ní Salvador

Ní ọjọ́ kejì tí mo dé ìlú Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia lórílẹ̀-èdè Bùràsíìlì, nínú oṣù Kẹta ọdún 2023, mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò Barra láti ra síìmù. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn káńtà kí mi dáadáa, ó gbé síìmù náà sílẹ̀ níwájú mi, ó sì béèrè ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ mi: “CPF?” Mo nawọ́ ìwé ìrìnnà mi sí i. Ó ṣí i, ó wò ó síwá sẹ́yìn, ó dá a padà fún mi, ó sì tún béèrè ohun kan náà pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá ń bi ọmọdé tó sọnù lọ́jà pé ọmọ ta ni. Mo jáde láìrí síìmù rà. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mo ti gbọ́ lẹ́tà mẹ́ta yìí ní ilé oògùn, mo ti gbọ́ ọ ní ilé ìtajà tí mo ti ra ìrẹsì, mo sì ti bá a pàdé lórí ìkànnì tí mo fẹ́ ti ra fáànù, níbi tí ojú ìwé náà kò ti jẹ́ kí n kọjá sí ibi ìsanwó nítorí pé àyè kan ṣófo.

CPF ni nọ́ńbà tí àjọ owó-orí ìjọba àpapọ̀ wọn, Receita Federal, máa ń fún olúkúlùkù èèyàn. Ẹyọ mọ́kànlá ló ní, gẹ́gẹ́ bí NIN àti BVN tiwa ṣe ní mọ́kànlá. Ẹyọ kẹsàn-án nínú rẹ̀ ń sọ ẹkùn tí wọ́n ti forúkọ ẹni náà sílẹ̀: 5 ni ti Bahia àti Sergipe, 8 sì ni ti São Paulo. Ẹyọ méjì tó gbẹ̀yìn jẹ́ àbájáde ìṣirò tí wọ́n ṣe lórí mẹ́sàn-án tó ṣáájú, nítorí náà ẹ̀rọ máa ń mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bí èèyàn bá ṣi ọ̀kan kọ. Ọ̀rọ̀ owó-orí ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún, ṣùgbọ́n ó ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Òfin kan tó ti wà láti ọdún 2003 ló ní kí wọ́n máa kọ ẹni tó ni síìmù àsansílẹ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, àwọn ilé oògùn ń fi CPF ṣírò ẹ̀dínwó, nígbà tó sì di oṣù Kìíní ọdún 2023, òfin 14.534 sọ ọ́ di nọ́ńbà kan ṣoṣo tó tó láti fi dá aráàlú mọ̀ nínú àkọsílẹ̀ ìjọba. Èmi tí mo ti tò lórí ìlà nígbà tí ìjọba tiwa ní kí a so NIN mọ́ síìmù ní ìparí ọdún 2020, kò yà mí lẹ́nu pé wọ́n ń béèrè nọ́ńbà. Ohun tó jẹ́ tuntun sí mi ni pé ìwé ìrìnnà, tí mo ti rò pé òun ni olórí gbogbo ìwé, kò wúlò tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí mo ti kúrò ní pápákọ̀ òfurufú.

Mo yẹ kí n ti gba nọ́ńbà yìí láti ilé. Ilé iṣẹ́ aṣojú Bùràsíìlì ní Èkó lè bá ẹni tó ń gba físà ṣe é, kò sẹ́ni tó sọ fún mi, èmi náà kò sì béèrè. Ní Salvador, ọ̀fẹ́ ni lọ́dọ̀ Receita Federal, fọ́ọ̀mù rẹ̀ kò sì gùn rárá. Orúkọ, ọjọ́ ìbí, ibi tí wọ́n ti bíni, àdírẹ́sì, lẹ́yìn náà “nome da mãe”, ìyẹn orúkọ ìyá. Wọn kò béèrè orúkọ bàbá.

Mo fi ọwọ́ dúró lórí àyè yẹn. Nílé, bí àgbàlagbà kan bá rí ọmọ tí kò mọ̀, orúkọ bàbá tàbí orúkọ agbo ilé ni yóò béèrè. Ní orílẹ̀-èdè tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ti ń jẹ́ João da Silva yìí, orúkọ ìyá ni wọ́n fi ń ya ẹni méjì tó jẹ́ orúkọ kan náà sọ́tọ̀, wọ́n sì ń béèrè rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ní báńkì, lórí tẹlifóònù, níbi gbogbo tí wọ́n bá ti fẹ́ mọ̀ dájú pé ìwọ ni ìwọ. Mo kọ orúkọ ìyá mi bí gbogbo ayé ṣe mọ̀ ọ́n: orúkọ tí wọ́n fi ṣe ìrìbọmi fún un, tí orúkọ bàbá mi sì tẹ̀lé e, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà lára káàdì ìdìbò rẹ̀ àti lára ìwé báńkì rẹ̀. Wọ́n fún mi ní CPF. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù Barra, mo ra síìmù mi, inú mi sì dùn gan-an.

Ẹni tí físà rẹ̀ bá ju àádọ́rùn-ún ọjọ́ lọ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Polícia Federal, ìyẹn ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀, kí àádọ́rùn-ún ọjọ́ tó pé lẹ́yìn tó bá wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, owó ìtanràn yóò máa gorí ara wọn lójoojúmọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fún àlejò ní káàdì tirẹ̀, CRNM, tí àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ ṣì ń pè ní RNE nítorí pé orúkọ tó ń jẹ́ kí òfin ìṣíkiri ọdún 2017 tó dé nìyẹn. Ọ̀rọ̀ orúkọ òbí tún jáde níbẹ̀. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà kò ní orúkọ ìyá tàbí bàbá nínú, òfin wọn sì sọ pé bí ìwé ìrìnnà kò bá fi orúkọ òbí hàn, àfi kí èèyàn mú ìwé ìbí tàbí ìwé ìgbéyàwó wá, tàbí ìwé ẹ̀rí láti ọ́fíìsì aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ pé Brasília ni tiwa wà. Mo ní ìwé ìbí mi lọ́wọ́. Ilé iṣẹ́ aṣojú wọn ní Èkó ti lu òǹtẹ̀ sí i kí n tó kúrò nílé, nítorí ilé ẹ̀kọ́ tó gbà mí ti béèrè fún un. Ohun tó kù ni pé kí olùtumọ̀ tó ti búra níwájú ìjọba túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Potogí. Àwọn olùtumọ̀ wọ̀nyí máa ń wà lórí àkọsílẹ̀ àjọ ìforúkọsílẹ̀ òwò ìpínlẹ̀, ìtumọ̀ ẹlòmíràn kò sì ní láárí, bó ti wù kí Potogí onítọ̀hún dán mọ́rán tó.

Olùtumọ̀ náà ló kọ́kọ́ rí i. Obìnrin tó fara balẹ̀ ni. Ó pè mí, ó ní òun fẹ́ mọ̀ èwo ni orúkọ àti èwo ni orúkọ ìdílé nínú orúkọ ìyá mi. Ìgbà yẹn ni mo tó wo ìwé tí mo ti ń gbé kiri láti ọdún yìí wá. Oríkì ìyá mi ló wà níbẹ̀, orúkọ bàbá tó bí i sì tẹ̀lé e. Kò sí orúkọ ìrìbọmi níbẹ̀, kò sì sí orúkọ bàbá mi lẹ́yìn rẹ̀.

Mo pe ilé lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní, “Màámi, ẹ dákun, ta ló gbé mi lọ gba ìwé ìbí?” Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìyá àgbà ni. Mi ò tíì jáde nílé nígbà yẹn. Nígbà tí akọ̀wé béèrè orúkọ mi, ṣé o rò pé ìyá mi á pè mí ní orúkọ òyìnbó ni? Ohun tó ń pè mí ló sọ fún wọn.” Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá béèrè pé, “Ṣé ó ti kó ẹ sí wàhálà ni, ọmọ mi?” Mo ní kò sí wàhálà. N kò tíì mọ̀ nígbà náà.

Ọlọ́pàá kọ ohun tó wà nínú ìwé ìbí, gẹ́gẹ́ bó ti yẹ. Wọ́n ya fọ́tò mi, wọ́n tẹ ìka mi, wọ́n sì fún mi ní ìwé pélébé kan tí wọ́n ń pè ní “protocolo” kí n máa lò ó títí káàdì yóò fi jáde. Òfin fi ọwọ́ sí i pé ìwé pélébé yìí pẹ̀lú ìwé ìrìnnà tó fún àlejò láti fi jẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú òfin kì í sábà dé etí ẹni tó jókòó ní káńtà. Ní báńkì kan tí mo lọ láti ṣí àkáǹtì tí owó ẹ̀kọ́ mi yóò máa gbà wọlé, wọ́n ní àwọn kò gba ìwé pélébé, kí n padà wá nígbà tí káàdì bá dé. Báńkì kejì gbà á, wọ́n tẹ CPF mi sínú kọ̀ǹpútà, ó sì yọ orúkọ ìyá tí kò bá ti orí ìwé ọlọ́pàá mu. Òṣìṣẹ́ náà yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi kí n rí i fúnra mi. Lójú ẹ̀rọ náà, ìyá méjì ló bí mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi wà láìní àkáǹtì, owó tí mo gbé wá ni mo sì ń ná ní ṣíṣẹ́ẹ́. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2020 tí báńkì àpapọ̀ wọn ti gbé Pix jáde, tó ń gbé owó láti àkáǹtì kan sí òmíràn lójú ẹsẹ̀, kékeré àti àgbà ló ń lò ó. Ẹlòmíràn tilẹ̀ ń fi CPF rẹ̀ ṣe àdírẹ́sì tí wọ́n máa sanwó sí. Ní àdúgbò Rio Vermelho, ìyá tó ń ta àkàrà, tí àwọn ń pè ní acarajé, lẹ Pix rẹ̀ mọ́ ara tábìlì. Aṣọ funfun ló wọ̀, epo pupa ló fi ń dín in, òórùn rẹ̀ sì jẹ́ òórùn ilé gan-an. Èmi nìkan ló ń ka owó bébà lórí ìlà, ó sì máa ń wá ṣéńjì fún mi láìkanra.

Ẹ̀gbọ́n kan láti Ọ̀yọ́, tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Salvador, ló là mí lójú. Ó ní, “Má fọwọ́ kan ti ọlọ́pàá o. Ìwé ló wà lẹ́yìn ìyẹn. Ti owó-orí ni kí o yí, torí ẹnu rẹ ni wọ́n fi kọ ìyẹn.” Ó tọ́. Mo fi ìwé ìrìnnà, ìwé pélébé, ìwé ìbí àti ìtumọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Receita Federal lórí íméèlì, pẹ̀lú fọ́tò ara mi níbi tí mo ti gbé ìwé ìdánimọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Wọ́n ṣe àtúnṣe náà, n kò sì san kọ́bọ̀. Nígbà tí báńkì wá béèrè ẹ̀rí ibùgbé, tí kò sì sí ìwé iná tàbí ti omi lórúkọ mi nítorí pé yàrá kan ni mo gbà nínú ilé ẹlòmíràn, ẹ̀gbọ́n yìí kan náà ló sọ fún mi nípa òfin 7.115 ti ọdún 1983, tó ní kí wọ́n gba àkọsílẹ̀ tí èèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ sí nípa ibi tó ń gbé gẹ́gẹ́ bí òtítọ́. Mo kọ ọ́, mo fọwọ́ sí i, ìyá onílé náà tún kọ tirẹ̀ kún un. Wọ́n ṣí àkáǹtì fún mi.

N kò gbọdọ̀ má sọ ti ilé ìwòsàn. Nínú oṣù Karùn-ún, nígbà tí ọ̀rọ̀ orúkọ yìí ṣì lọ́jú pọ̀, ibà dá mi wó lóru, wọ́n sì gbé mi lọ sí ilé ìtọ́jú pàjáwìrì ìjọba tó wà nítòsí. Ìwé ìrìnnà nìkan ni mo bá lọ. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n fa omi sí mi lára, wọ́n tọ́jú mi títí ilẹ̀ fi mọ́, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè owó lọ́wọ́ mi, nítorí pé òfin ìpìlẹ̀ wọn ti ọdún 1988 sọ pé ẹ̀tọ́ gbogbo èèyàn ni ìlera, àlejò sì wà lára gbogbo èèyàn. Lóòótọ́, nọ́ọ̀sì béèrè orúkọ ìyá mi. Mo sọ oríkì rẹ̀ fún un, ó sì tún un pè tìṣọ́ratìṣọ́ra kó tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń palẹ̀ ẹrù mọ́ ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta láti lọ gbé ní Bùràsíìlì, kó tó ra báàgì, kó jókòó ti ìwé ìbí rẹ̀. Kó wo orúkọ ìyá rẹ̀ lẹ́tà sí lẹ́tà, kó sì rí i pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lòun kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù físà àti sínú fọ́ọ̀mù CPF, yálà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ìyá náà lónìí tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Kó gba òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ aṣojú wọn sórí ìwé náà nílé, nítorí pé ẹni tó bá ti sọdá òkun kí ó tó rántí, ẹlòmíràn ni yóò máa bẹ̀ pé kó bá òun tò lórí ìlà ní Èkó.

Káàdì mi jáde nínú oṣù Keje. Mo gbà á, mo jókòó lórí àga kan nítòsí Elevador Lacerda, ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn láti ìsàlẹ̀ ìlú lọ sókè, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń fẹ́, mo sì wo ibi tí wọ́n kọ orúkọ òbí sí. Wọn kò fi àmì ohùn sí i, ṣùgbọ́n lẹ́tà rẹ̀ pé. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ìyá mi lórí WhatsApp. Ó pè mí padà kí n tó dìde. Ó ní láti ọjọ́ tí ìyá òun ti kú, kò sẹ́ni tó tún kọ orúkọ yẹn síbì kankan. Ó ní kí n bá òun tẹ fọ́tò náà síta, kí n fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ wálé, kí òun lè fi í sínú àpótí tí òun ti yọ ìwé ìbí náà fún mi.