Èmi àti màmá mi lórí adágún Jẹ́bà

Sátidé tó kọjá ni mo mú màmá mi lọ sí Jẹ́bà. Ọlidé Ọ́gọ́ọ̀sì ni, ọmọ àbúrò mi tó ń kọ́ ẹnjiníà ní Unilorin náà wà nílé, la bá jọ wọ bọ́ọ̀sì ní Màrábà láàárọ̀ kùtù.

Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa ọ̀nà yẹn. Láti Bódè Sáádù lọ ni màmá ò ti gbé tẹ̀sùbáà sílẹ̀ mọ́, kòtò lọ́tùn-ún, tírélà lósì.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Odò Ọya yọ sí wa, tí afárá rélùwéè sì nà gbọọrọ lórí ẹ̀, gbogbo wa dákẹ́. Màmá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní nígbà táwọn wà lọ́mọdé, bí ọkọ̀ ojú irin bá ti ń gun afárá yìí, ìyá àwọn á nawọ́ gba ojú fèrèsé, á sọ kọ́bọ̀ sómi, á ní èèyàn kì í gba orí Ọya kọjá lọ́wọ́ òfo. (1909 ni rélùwéè dé Jẹ́bà o, ṣùgbọ́n afárá ò parí títí di 1916.)

Òkè dáámù ni adágún wà. Bàbá Núpé kan tó gbọ́ Yorùbá dáadáa ló fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì gbé wa. "Àláájà, ẹ jókòó sáàárín, ẹ má bẹ̀rù." Mo ti rò pé á dà bí omi Asa Dáámù wa nílé, rárá o, omi yìí lọ títí, òkè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tí ewé bò mọ́lẹ̀ torí òjò, ó sì dákẹ́ bíi pé kò ṣiṣẹ́ kankan. Ọmọ wa ní ẹ̀ẹ̀mejì ló ń ṣiṣẹ́: á kọ́kọ́ yí tọ́báìnì 8, àwọn ẹ̀rọ tí omi ń yí kí iná lè wá, ní dáámù Kainji, á ṣàn wálẹ̀ nǹkan bí 100 kìlómítà, dáámù Jẹ́bà á tún dá a dúró, á yí 6 míì kó tó kọjá lọ sọ́nà Lọ́kọ́ja. Láti 1985 ni dáámù yìí ti ń fún wa níná, mi ò wá wò ó rí.

Bàbá gbọ́ wa, wọ́n wá nawọ́ sómi, wọ́n ní ìsàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn ni abúlé tí wọ́n bí àwọn sí wà, oko, ilé, ibojì bàbá àwọn, gbogbo ẹ̀. Ní súkúù wọ́n kọ́ wa pé omi Kainji bo Bùsà àtijọ́ mọ́lẹ̀ ní 1968, mo kà á, mo yege, kò ká mi lára. Èyí ká mi lára. Mo bi wọ́n bóyá iná wà ní abúlé tuntun, wọ́n kàn mirí. Kò dáa. Ẹni tó fi ibojì bàbá ẹ̀ sílẹ̀ kí Ìlọrin lè tan iná, ó yẹ kóun náà ríná tan.

Nígbà tá a ń padà bọ̀, màmá tú báàgì, wọ́n ń wá kọ́bọ̀. Kò sí, ta ló ń ná kọ́bọ̀ mọ́? Wọ́n ní owó bébà ò ní rì. Wọ́n bomi lọ́wọ́ méjèèjì, wọ́n fi bọ́jú, wọ́n wá ní kí bàbá júwe ibi tí ibojì yẹn wà gan-an. Bàbá yí ọkọ̀ padà, kò pẹ́ tí wọ́n fi pa ẹ́ńjìnnì. Màmá ka Fátíhà fún òkú náà lórí omi, àwa yòókù ń ṣe àmín.