Ẹ bá mi gba ìwé wá, owó kékeré kọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bójú tó owó àti ètò ní NGO kékeré, ìyẹn àjọ aláàánú tí kì í ṣe tìjọba, ẹ kú iṣẹ́ o. Nílé-Ifẹ̀ níbí, tí mo bá ní NGO ni mò ń bá ṣiṣẹ́, àwọn èèyàn á rò pé abúlé ni mò ń lọ lójoojúmọ́ lọ pín ìwé fọ́mọ iléèwé, bẹ́ẹ̀ èmi ni mò ń wá mọ́tò tó máa gbé àwọn tó ń lọ dé Ìfẹ́tẹ̀dó, èmi ni mò ń ra ìǹkì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, èmi ni mò ń bá báńkì fà á, èmi náà ni mò ń kọ gbogbo owó sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ rìsíìtì ló gbà mí lọ́kàn jù. Dónọ̀ tó ń fún wa lówó fẹ́ rí i, ọ́dítọ̀ tó ń yẹ ìwé owó wa wò fẹ́ rí i, àmọ́ ìyá tó ta ìrẹsì fún wa lọ́jà ò ní in, ọlọ́kadà tó gbé wa láti Lágéré náà ò ní in, bọ́jà wa ṣe rí nìyẹn. Mo wá tẹ fọ́ọ̀mù kan: orúkọ ẹni tó gbowó, ohun tó tà, iye ẹ̀, déètì, nọ́ńbà fóònù, kó sáìnì tàbí kó tẹ̀ka. Àwọn ìyá kan máa ń bẹ̀rù, wọ́n á ní "Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe ti owó orí?" Mo máa ń jókòó tì wọ́n, mà á ka gbogbo ẹ̀ sí wọn létí. Ẹ má fìkánjú gba ìka ẹnikẹ́ni o, kò dáa rárá.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ dónọ̀ fẹ́ sanwó ìwé àwọn ọmọ, wọn ò fẹ́ sanwó ẹni tó ń ṣírò ẹ̀. Owó ìwé yẹn, tí iná bá lọ tí epo jẹ́nẹ́rétọ̀ tán, mi ò ní fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n báńkì ń yọ náírà 50 lórí owó tá a bá fi ránṣẹ́ tó bá ti tó 10,000, ọ́dítọ̀ ń gbowó, ọdọọdún la gbọ́dọ̀ fìwé ránṣẹ́ sí CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, ìwé SCUML, ẹ̀ka ìjọba tó ń gbógun ti fífọ owó ẹ̀gbin, náà sì wà ńbẹ̀ tí báńkì máa ń béèrè. Níbo ni ká ti rówó ìyẹn?

Ẹ̀gbọ́n kan níbi iṣẹ́ wa bínú nígbà tí mo béèrè ìwé owó ọkọ̀, wọ́n ní ṣé olè làwọn ni. Mo ní "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, tiyín ni mò ń ṣe. Tí wọ́n bá wá bi yín lọ́dún mẹ́ta sí i, tẹ́ ẹ ti gbàgbé, ìwé yìí ló máa gbẹnu sọ fún yín." Wọ́n kọ ọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ owó iṣẹ́ ọ́fíìsì sí i kó hàn gedegbe, ẹ má fi pamọ́ sábẹ́ owó ìwé.