Defenestration: fèrèsé wà nínú ọ̀rọ̀ yìí

Bí ẹ bá pàdé defenestration nínú ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì, ẹ tú u palẹ̀ kí ẹ tó ṣí ìwé atúmọ̀. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni de-. Fenestra tó wà láàárín ni Látìnì ń pe fèrèsé. Àfòmọ́ ìparí ni -ation, òun ló sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ, irú iṣẹ́ tí "ì-" ń ṣe nígbà tí "jù" bá di "ìjù". Ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí a ju ènìyàn tàbí nǹkan síta gba ojú fèrèsé.

De- yẹn ló máa ń ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n nínú deforestation, wọ́n á wá rò pé fèrèsé ni a ń yọ kúrò lára ògiri. Rárá o. "Láti òkè wá sísàlẹ̀" tàbí "kúrò níbì kan" ni de- nínú Látìnì, bó ṣe wà nínú descend. Sípẹ́lì náà tún ń dà wọ́n láàmú: e ló tẹ̀lé n, kì í ṣe i. Ẹni tó bá rántí fenestra kò ní ṣì í kọ.

Prague, olú-ìlú ilẹ̀ Bohemia tó wà ní orílẹ̀-èdè Czech òde òní, ló sọ ọ̀rọ̀ náà di olókìkí. Ní ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún, 1618, àwọn ọlọ́lá Bohemia tó jẹ́ Protestant ya wọ ààfin, wọ́n sì ju àwọn aṣojú ọba méjì tó jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà, Slavata àti Martinic, pẹ̀lú Fabricius akọ̀wé wọn, gba ojú fèrèsé. Ibẹ̀ ga tó nǹkan bíi mítà 21, síbẹ̀ kò sí èyí tó kú. Àwọn Àgùdà ní Màríà Wúńdíá ló gbà wọ́n; àwọn alátakò wọn ní orí ààtàn ni wọ́n já sí. Nígbà tó yá, wọ́n fi Fabricius joyè "von Hohenfall", ìyẹn "ti ìṣubú láti òkè". Ẹ ò rí ẹ̀fẹ̀! Ogun Ọgbọ̀n Ọdún ní Yúróòpù ló tẹ̀lé e, títí di 1648. Ti 1419 ní ìlú kan náà burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí àwọn ìgbìmọ̀ ìlú tí wọ́n jù kú.

Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-orúkọ yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ọ̀rọ̀-ìṣe defenestrate yọ. Àwọn akọ̀ròyìn ń lò ó báyìí fún olórí tí àwọn ènìyàn rẹ̀ yọ nípò lójijì. Ẹni tó fẹ̀yìn tì fúnra rẹ̀ kò sí nínú wọn. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé wọ́n tì í ni.