Mẹ́gídò: Ẹ Sọ fún Awakọ̀ Kẹ́ ẹ Tó Wọ Ihò Omi

Wákàtí kan péré ni ọ̀pọ̀ gáìdì ń fún èèyàn ní Mẹ́gídò, ní Ísírẹ́lì: wọ́n á ka Ìfihàn 16:16, wọ́n á ya fọ́tò, ó di Násárẹ́tì. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ṣòfò nìyẹn. Wákàtí méjì ni kẹ́ ẹ gbà.

Òkìtì ni Amágẹ́dónì tá à ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìlú lórí ìlú, ìpele tó lé ní 20. Ẹni tó bá dúró sórí rẹ̀ ló ń ṣọ́ ọ̀nà tó ti Íjíbítì lọ sí Síríà, ohun tí wọ́n ń jà sí nìyẹn. Ọ̀nà 65 tí bọ́ọ̀sì ń gbà gba Wadi Ara, àfonífojì tóóró láàárín òkè, ibẹ̀ ni Fáráò Thutmose Kẹta gbà ní nǹkan bí ọdún 1457 ṣáájú Krístì. Àwọn ọ̀gágun rẹ̀ ní ó há jù, ẹṣin á máa tọ ẹṣin lẹ́yìn, kò gbọ́. Ó ṣẹ́gun àwọn ará Kénáánì níwájú Mẹ́gídò, àmọ́ àwọn ọmọ ogun rẹ̀ dúró ń kó ẹrù, ni ará ìlú bá ju aṣọ sílẹ̀ láti orí odi, wọ́n fi fa àwọn èèyàn wọn tó ń sá gòkè. Oṣù méje ló fi dó tì wọ́n. Ní Mẹ́gídò náà ni Fáráò Nékò pa Jòsáyà ọba Júdà sí.

Ẹ yára kọjá ilé ẹṣin “Sólómónì”. Àwọn kan ní ti Áhábù ni, àwọn mìíràn ní kì í tiẹ̀ ṣe ilé ẹṣin.

Ihò omi gan-an ni kẹ́ ẹ fara balẹ̀ wò. Ẹ̀yìn odi ni orísun omi wà, bí ọ̀tá bá dó, òùngbẹ ló máa pa ará ìlú. Wọ́n wá gbẹ́ kòtò nínú ìlú, bíi mítà 35 sísàlẹ̀, wọ́n la àpáta bíi mítà 70 dé ìdí omi, wọ́n sì dí ẹnu rẹ̀ níta. Àtẹ̀gùn 183 lẹ máa sọ̀, ẹ óò tún gun bí 80 kẹ́ ẹ tó jáde. Ẹ má wọ sálúbàtà.

Ohun tó ń bíni nínú ni pé ibi tẹ́ ẹ máa jáde sí kọ́ lẹ gbé mọ́tò sí. Ìdí òkìtì ló já sí, bíi mítà 600 sí ẹnu ọ̀nà, nínú oòrùn. Ẹ ní kí awakọ̀ wá pàdé yín níbẹ̀. Àwọn màmá tí orúnkún ń dùn, kí wọ́n jókòó lókè, kí wọ́n máa wo Òkè Tábórì; wọn ò pàdánù. Ẹ má sì fi í sí ọ̀sán Ẹtì: wọ́n ń tètè tì nítorí Sábáàtì, wọn kì í sì í gba èèyàn wọlé mọ́ ní wákàtí kan ṣáájú kí wọ́n tó tì.