Mo fúnra mi ṣètò ìsinmi èmi àti màmá mi

Ẹ bá mi yọ̀ o! A ti lọ Abẹ́òkúta, a ti bọ̀, n kò sì gba ejẹ́ǹtì kankan.

Orí fóònù ni mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn, èyí tó ti ń kó èrò láti ọdún 2021. Ẹ̀búté Mẹ́ta la ti wọ̀ ọ́, a sì sọ̀ ní Láderin, ibùdókọ̀ rélùwéè Abẹ́òkúta tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: Láderin jìnnà sí Olúmọ. Mo ti rí i lórí máàpù kí n tó sanwó, nítorí náà mo ti bá onítakisí kan sọ ọ́ sílẹ̀. Orúnkún ń dun màmá mi, n kò lè jẹ́ kí wọ́n dúró nínú oòrùn. Mo pe hòtẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú: ṣé yàrá wà nísàlẹ̀? Iná ńkọ́? Omi ńkọ́?

Ní Olúmọ, màmá mi ní àwọn á gùn ún. A rọra ń lọ, à ń sinmi. Nígbà tí a dé ibi tí àwọn Ẹ̀gbá sá pamọ́ sí lábẹ́ àpáta nígbà ogun, ṣe ni màmá mi bú sí oríkì ìdílé wọn. Inú mi dùn débi pé omijé bọ́ lójú mi.

A ra àdìrẹ ní Ìtòkú kí a tó padà.

Òkè Ìdànrè ló kàn. Ẹni tó bá mọ hòtẹ́ẹ̀lì tó dáa níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi.