Ìjàpá Bàbá wa ń lọ California, ẹ gbé àga ẹ̀yìn sókè ná

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní mọ́tò àtijọ́ nílé, tí ọmọ ìyá yín kan wá wà ní California tó ń yọ yín lẹ́nu pé kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sóun, ẹ má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni o. Ẹ lọ gbé àga ẹ̀yìn sókè ná. Ó níbi tí mò ń lọ.

Ìjàpá ni tiwa, Volkswagen aláwọ̀ ewé tí Bàbá wa rà ní Jámánì nígbà tí wọ́n ń kàwé níbẹ̀, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wálé ní 1977. Apá òsì ni sítíárìn ẹ̀ wà, ìyẹn ò sì fa wàhálà kankan torí 2 April 1972 ni Nàìjíríà ti yí padà sí apá ọ̀tún títì. Láti ìgbà tí Bàbá ti lọ, abẹ́ páànù lẹ́yìnkùlé wa ní Ajílósùn, ní Adó-Èkìtì, ló wà, adìyẹ Màámi ń yé sí i, àwa náà á sítáàtì ẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ́ńjìnì má baà gan. Àbúrò mi ní òun fẹ́ ẹ, òun lòun máa san gbogbo owó ẹ̀. A gbà fún un. Àfi bó ṣe pè padà tó ní wọ́n ní èéfín lè má jẹ́ kó ṣeé ṣe.

California ò fi èéfín mọ́tò ṣeré, ẹ gbọ́. Òkè ló yí Los Angeles ká, bí mọ́tò bá tú èéfín tán inú ìlú náà ló máa wà tó máa ta lójú, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní Smog Check ní 1984. Lọ́dún méjì-méjì ni o, mọ́tò tó bá jẹ́ 1976 sí 1999, ní irú ìlú bíi Los Angeles wọ́n á gbé táyà ẹ̀ lé orí róólà, wọ́n á máa tẹ iná bí ẹni ń rìn lójú títì, wọ́n á wá ki ọ̀pá kan bọ ẹnu ẹ́sọ́ọ̀sì kí ẹ̀rọ ka ohun tó ń jáde níbẹ̀. Kí wọ́n tó ṣe ìyẹn gan-an, wọ́n á ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò bóyá gbogbo nǹkan tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi sí i ṣì wà níbẹ̀. Ibí yìí lọ̀rọ̀ le sí, torí Ìjàpá tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà láti 1975, wọ́n ti yọ kábúrétọ̀, ìyẹn ohun tó ń po epo pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́, kúrò lára ẹ̀, injẹ́ṣọ̀n tó ń fín epo sí ẹ́ńjìnì ni wọ́n fi sí i. Ti Bàbá wa, kábúrétọ̀ gidi. Tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ yí ìyẹn padà, owó ẹ̀ á ju owó mọ́tò lọ.

Ṣùgbọ́n mọ́tò 1975 sẹ́yìn, wọn kì í yẹ̀ ẹ́ wò rárá. Tẹ́lẹ̀, mọ́tò tó bá ti pé ọgbọ̀n ọdún ló máa ń bọ́ nínú ẹ̀, wọ́n wá dá ìyẹn dúró ní 2005, ó wá di pé 1976 ò lè bọ́ mọ́ láé bó ti wù kó dàgbà tó. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Mọ́tò tó fi ọdún kan ju èkejì lọ, ọ̀kan lọ lọ́fẹ̀ẹ́, ìkejì á máa jẹ́jọ́ títí ayé, láìka èyí tó ń rú èéfín nínú àwọn méjèèjì sí. Èmi ò lè gbè sẹ́yìn irú òfin bẹ́ẹ̀, àmọ́ òfin wọn ni.

Kí ló wá wà nínú ìwé mọ́tò Bàbá? 1977! Àbúrò mi fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún lórí WhatsApp.

Mẹkáníìkì àgbàlagbà kan ní Basírì, Bàbá Ìjàpá la máa ń pè wọ́n, àwọn ló bọ́ wa. Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún yín pé 1977 ni wọ́n ṣe é? 1977 ni wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ níbí." Wọ́n bá gbé àga ẹ̀yìn sókè, wọ́n yọ bátìrì lápá ọ̀tún, wọ́n rẹ àkísà sínú kẹrosíìnì, wọ́n ń ha irin gbọ̀ọ̀rọ̀ tó wà láàárín ilẹ̀ mọ́tò yẹn díẹ̀díẹ̀, ìpẹtà pọ́n lọ́wọ́ wọn bí epo pupa. Nọ́ńbà ṣáásí bẹ̀rẹ̀ sí í yọ: 1, 1, 5. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Méjì àkọ́kọ́ ń sọ irú mọ́tò tó jẹ́, ìkẹta yẹn lọdún. August ni Volkswagen máa ń bẹ̀rẹ̀ ọdún tuntun tiwọn, torí náà mọ́tò tó bá jẹ́ 115, àárín August 1974 sí July 1975 ni wọ́n ṣe é. Bó bá jẹ́ 116 ni, ó ti parí nìyẹn.

Ẹ má rò pé ẹnu lásán máa ń tó fún wọn lọ́hùn-ún o. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé mọ́tò Volkswagen kan wà ní Wolfsburg, tẹ́ ẹ bá fi nọ́ńbà ṣáásí ránṣẹ́ tẹ́ ẹ sì sanwó, wọ́n á kọ ìwé tó sọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, bí ìwé ọjọ́ ìbí. Àbúrò mi kọ̀wé sí wọn, bí Bàbá Ìjàpá ṣe wí gẹ́lẹ́ ló jáde. Ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ò le: mọ́tò tó ti lé ní ọdún 25 ti bọ́ lọ́wọ́ òfin ààbò, fọ́ọ̀mù HS-7 nìyẹn, ti èéfín, ọdún 21 ni, fọ́ọ̀mù 3520-1, àfi kẹ́ ẹ má ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnì ẹ̀ sí oríṣi míì.

Èmi rò pé a ti parí, Bàbá Ìjàpá ní rárá, mọ́tò ò ní rú èéfín kúrò lọ́wọ́ àwọn. Wọ́n ní ká gbé e wá ní òwúrọ̀ kùtù kí ẹ́ńjìnì tutù dáadáa, torí tápẹ́ẹ̀tì Ìjàpá, ìyẹn àlàfo kékeré tó wà níbi fáàfù, tútù ni wọ́n ń sẹ́ẹ̀tì ẹ̀, 0.15 mílímítà, wọ́n tún ya kọ́ńtáàkì, irin kékeré tó ń jẹ́ kí pílọ́ọ̀gì tan iná, sí 0.4. Ọ́ìlì lítà méjì ààbọ̀ péré ló ń mu, kò sì ní fílítà, asẹ́ kékeré kan ló wà nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọdún mélòó ni ọ́ìlì dúdú yẹn ti wà níbẹ̀! Lẹ́yìn ìyẹn a wà á gun òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, mo ń wo ẹ̀yìn nínú gíláàsì, kò sí èéfín dúdú, kò sí búlúù. Nígbà tá a dé, wọ́n ti ìka bọ ẹnu ẹ́sọ́ọ̀sì, ó jáde ní àwọ̀ eérú. Tó bá dúdú tó rọ̀ bí ẹ̀ẹ́dú, wọ́n ní epo ti pọ̀ jù nìyẹn.

Ohun tó kù ni ẹrẹ̀. Amẹ́ríkà ò gba erùpẹ̀ ilẹ̀ òkèèrè lábẹ́ mọ́tò, ẹ sì mọ ilẹ̀ pupa Èkìtì, ó ti wọnú gbogbo kọ̀rọ̀. Àwọn ọmọkùnrin tó ń fọ mọ́tò bínú sí mi gan-an.

Ẹni tí tiẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ ní 116 tàbí 117, kó bi ọmọ ìyá ẹ̀ bóyá ó lè kó lọ Florida, wọn kì í yẹ èéfín wò níbẹ̀.