Kí ẹ tó dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ́bi, ẹ yẹ ọ̀rọ̀ orúkọ wò

Bí kọ̀ǹpútà Linux tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tò kò bá ṣí ojú ewé kankan, ẹ kọ́kọ́ fi ping (àṣẹ tó ń wò bóyá kọ̀ǹpútà mìíràn ń dáhùn) kan sí nọ́ńbà tó wà níta, bíi 1.1.1.1. Bó bá dáhùn, ẹ fi wáyà àti ráútà sílẹ̀, orúkọ ojú ewé náà ni kọ̀ǹpútà kò lè yí padà sí nọ́ńbà.

Ohun tó yé mi jù lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni pé kọ̀ǹpútà kì í déédéé sáré lọ bá DNS, ètò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń yí orúkọ padà sí nọ́ńbà. Ìlà “hosts:” inú /etc/nsswitch.conf ló ń sọ ibi tí yóò ti kọ́kọ́ béèrè. Bó bá jẹ́ “files dns” ló wà níbẹ̀, /etc/hosts ni yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Àfi tí kò bá rí orúkọ náà níbẹ̀ ló tó ń jáde. Ìdí nìyẹn tí ìlà àtijọ́ kan nínú /etc/hosts, tí kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀ mọ́, fi lè máa darí yín síbi tí server náà ti kó kúrò. Àṣẹ dig kò ní tú àṣírí yìí, torí DNS nìkan ló ń bi. Ẹ lo getent hosts, kí ẹ wá kọ orúkọ náà tẹ̀ lé e: ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ètò ń gbà lòun náà ń gbà. Ó wù mí kí gbogbo ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí mọ̀ ọ́n.

Bí ojú ewé bá ń ṣí, àmọ́ tó ń pẹ́, ẹ wo /etc/resolv.conf. Nameserver (server DNS tí à ń bi ní orúkọ) 3 péré ni kọ̀ǹpútà ń kà níbẹ̀, àkọ́kọ́ ló sì máa ń bi. Bí ìyẹn bá ti kú, ìṣẹ́jú-àáyá 5 ni yóò fi dúró kó tó kan èkejì. Ẹ fi ls -l wo fáìlì náà kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Bó bá ń tọ́ka sí fáìlì mìíràn, systemd-resolved (ètò tó ń bójú tó DNS lórí kọ̀ǹpútà) tàbí irú rẹ̀ ló ń kọ ọ́, yóò sì pa ohun tí ẹ bá kọ rẹ́. Bí ẹ bá rí 127.0.0.53, kì í ṣe àṣìṣe: systemd-resolved fúnra rẹ̀ ló ń dáhùn níbẹ̀. Àṣẹ resolvectl status yóò fi server gangan hàn yín.

Bí ẹ bá fi hostnamectl yí orúkọ kọ̀ǹpútà padà, ẹ yí i padà nínú /etc/hosts náà. Lórí Debian, ìlà 127.0.1.1 ló sábà máa ń wà. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, sudo (àṣẹ tó ń fún yín ní agbára alábòójútó) lè máa kígbe pé òun kò rí orúkọ náà.